Ọ̀nà Lomé: Ta Ni Wọ́n Là Á Fún?

Púpọ̀ nínú yín ti dé Lomé rí. Àwọn kan lọ ra aṣọ ní ọjà ńlá Asigamé. Àwọn kan lọ kí ọmọ tàbí àbúrò tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn mìíràn kàn gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Gánà ni. Nígbà tí ẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kí ni ẹ kọ́kọ́ rí? Mo mọ̀ pé zẹ́míjàn ni. Wọ́n yí yín ká. Ẹ ná owó, ẹ gun ẹ̀yìn alùpùpù, ẹ gbé ẹrù lé itan, ó di ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ ṣàkíyèsí ibi tí zẹ́míjàn náà ń gbà? Àárín títì, ọkọ̀ ló ni ín. Etí títì, takisí tó fẹ́ já èrò ló dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, gọ́tà ni, tàbí tábìlì ìyá kan tó ń ta búrẹ́dì. Zẹ́míjàn ń wá àyè láàárín wọn bí òwú tí ń wá ojú abẹ́rẹ́. Ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ ológeere wà lẹ́yìn zẹ́míjàn. Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn wà lẹ́yìn gbogbo wọn.

Bẹ́ẹ̀, bí a bá ka orí, àwọn wọ̀nyí ni wọ́n pọ̀ jù. Báwo ni àwọn tó pọ̀ jù ṣe wá ní ìpín tó kéré jù lójú ọ̀nà? Ọ̀rọ̀ náà kò bẹ̀rẹ̀ lánàá. Ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀.

Ìlú orí yanrìn

Ilẹ̀ Lomé, yanrìn ni. Òkun wà ní gúúsù, ọ̀sà wà ní àríwá. Yanrìn tó wà láàárín méjèèjì ni ìlú náà kọ́kọ́ jókòó lé. Títí di nǹkan bí ọdún 1880, abúlé kékeré ni. Ohun tó sọ ọ́ di ìlú ni owó ibodè. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń gba owó ibodè lórí ọjà tó bá gba Kẹ́ta wọlé, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí. Àwọn oníṣòwò kò fẹ́ san án. Wọ́n rìn díẹ̀ sí ìhà ìlà oòrùn, wọ́n kọjá ibi tí àṣẹ Gẹ̀ẹ́sì dé, wọ́n já ẹrù wọn sí etíkun Lomé. Ẹ ò rí i? Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni ìlú yìí fi bẹ̀rẹ̀: ọ̀nà tí a ó gbà tí a kò fi ní san owó.

Ní oṣù keje ọdún 1884, Gustav Nachtigal, aṣojú ìjọba Jámánì, bá àwọn ènìyàn ọba Mlapa ti ìlú Togo ṣe ìwé àdéhùn. Bí Jámánì ṣe gba ilẹ̀ náà nìyẹn. Ní ọdún 1897, Köhler tó jẹ́ olórí fún wọn gbé ibùjókòó ìjọba láti ẹ̀gbẹ́ Aného wá sí Lomé. Láti ìgbà náà, Lomé di olú-ìlú, olú-ìlú náà ló sì jẹ́ títí di òní.

Àwọn Jámánì fẹ́ràn ọ̀nà tó gún. Wọ́n la ọ̀nà tààrà láàárín ìlú. Wọ́n tún la ọ̀nà ńlá kan tó bẹ̀rẹ̀ láti etí òkun, tó yí ìlú ká, tó sì padà sí etí òkun, bí ẹni pé wọ́n fi ìlàjì igbá dé ìlú mọ́lẹ̀. Ọ̀nà náà wà síbẹ̀. Òun ni wọ́n ń pè ní Boulevard du 13 Janvier lónìí. (Ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 1963 ni àwọn ológun pa Ààrẹ Sylvanus Olympio. Ní ọjọ́ kan náà ní ọdún 1967 ni Eyadéma gba ìjọba. Orúkọ títì náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré fún ẹni tó mọ ìtàn.)

Ní ọdún 1904, wọ́n kọ́ wáfù sórí òkun kí ọkọ̀ ojú omi lè rí ibi já ẹrù. Ní ọdún 1905, ọkọ̀ ojú irin dé Aného. Ní ọdún 1907, ó dé Kpalimé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe ojú irin kẹta tó lọ sí ọ̀nà Atakpamé, ìlú àwọn Ifẹ̀, àwọn ará wa. Àwọn ènìyàn sọ ojú irin kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ohun tó ń gbé. Ti Aného, àgbọn. Ti Kpalimé, kòkó. Ti Atakpamé, òwú.

Ẹ wo ibi tí gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí kọjú sí. Òkun ni. Wọn kò là wọ́n kí ará Bẹ̀ lè lọ kí ará Nyékonakpoè. Wọ́n là wọ́n kí ẹrù lè dé ọkọ̀ ojú omi kíákíá. Àwọn tí wọ́n fi ipá mú ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà náà, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn padà sílé.

Àwọn tiwa wà ní Lomé láti ìgbà náà. Àdúgbò kan wà ní àárín ìlú tó ń jẹ́ Anagokomé. Ní èdè Ewé, ìtumọ̀ rẹ̀ ni àdúgbò àwọn Nàgó. Àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Bùràsíìlì dé, irú bí ìdílé Olympio, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ka ìtàn Lomé, ẹ má ṣe kà á bí ìtàn àlejò.

Kẹ̀kẹ́ dé

Jámánì kan, Karl Drais, ló ṣe baba ńlá kẹ̀kẹ́ ní ọdún 1817. Igi ni, kò ní ibi tí a ń tẹ̀. Ẹni tó jókòó lé e ń fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀ bí ọmọdé. Ó tó ọdún 1860 sí 1870 kí àwọn ará Parisi tó fi ohun ìtẹ̀ sí ẹsẹ̀ iwájú. Ní ọdún 1885, Gẹ̀ẹ́sì kan, John Starley, ṣe èyí tó ní ẹsẹ̀ méjì tó dọ́gba àti ṣéènì tó ń fa ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ní ọdún 1888, Dunlop ṣe táyà tó ní afẹ́fẹ́ nínú. Ọdún 1884 ni Jámánì gba Togo, ọdún 1885 ni kẹ̀kẹ́ tó dà bí ti wa yìí jáde. Ẹgbẹ́ ni ìjọba òyìnbó ní Togo àti kẹ̀kẹ́.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1914, ogun lé Jámánì kúrò. Láti ọdún 1920, Faransé ló ń ṣe ìjọba Lomé. Ní ìgbà àwọn Faransé yìí, ilé ìtajà ńláńlá bíi CFAO, SCOA àti UAC ń ta ọjà òyìnbó káàkiri etíkun wa, kẹ̀kẹ́ sì wà lára ọjà náà. Raleigh ń ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, Peugeot ń ti ilẹ̀ Faransé wá. Ta ló lè rà á? Akọ̀wé, tíṣà, nọ́ọ̀sì, katikísì, àti àgbẹ̀ tí kòkó rẹ̀ ta dáadáa. Ẹni tó bá ní kẹ̀kẹ́ nígbà náà, gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n. Ó ń nù ún ní àárọ̀ àti ní alẹ́. Kì í yá ènìyàn.

Ṣùgbọ́n ní Lomé, kẹ̀kẹ́ bá ọ̀tá kan pàdé: yanrìn. Ẹ ti gbìyànjú láti gun kẹ̀kẹ́ lórí yanrìn jíjìn rí? Ẹsẹ̀ iwájú á rì, ọwọ́ á yí, ẹni tó gùn ún á sọ̀ kalẹ̀. Ibi tí ilẹ̀ bá le ni a ti ń gùn ún. Ibi tí yanrìn bá wà, a ń tì í. Ọ̀nà tó le, àárín ìlú ló pọ̀ sí, níbi tí ilé ìjọba, ilé ìtajà àti ilé òyìnbó wà. Ní ẹ̀yìn ìlú, yanrìn ni. Kẹ̀kẹ́ kan náà, owó kan náà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé ní ibi tí wọ́n ti tún ọ̀nà ṣe ń gùn ún, ẹni tó ń gbé ní ẹ̀yìn ìlú ń tì í. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà bá a níwájú.

Ìlú fẹ̀, ọ̀nà kò tó

Ní ọdún 1914, àwọn ará Lomé kò pé 10,000. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1960, Togo gba òmìnira. Láti ìgbà náà ni ìlú náà ti ń fẹ̀ bí aṣọ tí a tẹ́. Ó kọjá ọ̀sà, ó gun òkè Tokoin. Ní ọdún 1968, wọ́n ṣí èbúté tuntun ní ìlà oòrùn ìlú. Ní ọdún 1970, wọ́n ṣí yunifásítì sí apá àríwá. Ẹ wò ó: èbúté wà níbí, yunifásítì wà lọ́hùn-ún, ọjà àti ọ́fíìsì wà ní etí òkun. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní Tokoin tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ọjà gbọ́dọ̀ kọjá ọ̀sà ní àárọ̀, kó tún kọjá rẹ̀ ní alẹ́. Ibi tí a lè gbà kọjá ọ̀sà kò pọ̀. Gbogbo ènìyàn ló ń rọ́ lọ sí ibi díẹ̀ náà bí àgùntàn tí ń gba ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo wọ agbo.

Ní ọdún 1974, ìjọba gba ilé iṣẹ́ fọ́sífétì sí ọwọ́ ara rẹ̀. Owó fọ́sífétì pọ̀ ní ìgbà náà. Wọ́n kọ́ ilé ìjọba ńláńlá, wọ́n kọ́ òtẹ́ẹ̀lì gíga, wọ́n la títì tó fẹ̀ fún ọkọ̀. Gbogbo ayé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ní Èkó, ní Abijan, ní Parisi pàápàá, ẹni tó bá ń ya àwòrán ìlú sórí bébà, ọkọ̀ ló ń rí lọ́kàn rẹ̀. Èmi kò bá wọn wí tán. Ọkọ̀ ni àmì pé ayé ti dára. Àwọn tó ń ya àwòrán náà, inú ọkọ̀ ni àwọn fúnra wọn ń jókòó sí. Ohun tí ènìyàn ń rí láti inú ọkọ̀ yàtọ̀ sí ohun tí ẹni tó ru igbá ń rí.

Àwọn ará ìlú tó ní agbára díẹ̀ ra mobilẹ́ẹ̀tì. Àwọn yòókù wọ takisí tàbí wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn. Kẹ̀kẹ́ tí gbogbo àdúgbò ń wò tẹ́lẹ̀ di ohun tálákà.

Láti Àjàṣẹ́ dé Lomé

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a kọjá lọ sí Àjàṣẹ́, ìlú tí Faransé ń pè ní Porto-Novo, nítorí pé ibẹ̀ ni gbòǹgbò zẹ́míjàn wà. Kí alùpùpù tó pọ̀, kẹ̀kẹ́ ológeere ni àwọn ọkùnrin Àjàṣẹ́ fi ń gbé ènìyàn àti ẹrù. Wọ́n ń pè é ní takisí kánnán. Àwọn ìyá tó ń lọ sí ọjà, tí wọ́n ní ẹrù tí orí kò lè gbé tán, àwọn ló ń pè é. Ọkùnrin náà á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, òógùn á máa já bọ́, ìyá àti ẹrù á wà lẹ́yìn. Àwọn àgbà tó rí i sọ pé iṣẹ́ ńlá ni.

Láàárín ọdún 1980 sí 1990, nǹkan le ní Bẹ̀nẹ̀. Ìjọba kò lè san owó oṣù. Ilé iṣẹ́ ń pa ilẹ̀kùn. Ẹni tó ní alùpùpù kékeré ní ilé bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbé ènìyàn láti rí owó oúnjẹ. Bí takisí kánnán ṣe di alùpùpù nìyẹn. Àwọn Fọ̀n sọ ọ́ ní zẹ́míjàn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: gbé mi kíákíá. Kò sí gómìnà kan tó dá a sílẹ̀. Kò sí òyìnbó tó ya àwòrán rẹ̀. Ebi ló dá a sílẹ̀.

Ní Lomé, ọ̀rọ̀ ìṣèlú ló gbé e wọlé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1992, àwọn òṣìṣẹ́ Togo bẹ̀rẹ̀ ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá láti bá ìjọba Eyadéma jà. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ náà gba nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án. Ilé ìwé tì, ọ́fíìsì tì, ilé ìtajà tì, takisí dúró. Ní oṣù kìíní ọdún 1993, àwọn ológun yìnbọn pa ènìyàn ní ìlú, ọ̀pọ̀ ọ̀kẹ́ ènìyàn sì sá lọ sí Gánà àti Bẹ̀nẹ̀. Ẹ̀yin tó wà ní Kutonu tàbí ní Àjàṣẹ́ nígbà náà rántí wọn. Àwọn kan nínú yín gbà wọ́n sílé.

Ṣùgbọ́n ènìyàn kò lè dá oúnjẹ sílẹ̀. Àgbẹbí kò lè sọ fún aboyún pé kó dúró di ìgbà tí ìdaṣẹ́sílẹ̀ bá parí. Àwọn ọ̀dọ́ tó ní mobilẹ́ẹ̀tì gbé e jáde. Bí wọ́n bá rí ẹni tó dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n á bi í ní èdè ibẹ̀ pé: "Oléyia?" Ìyẹn ni pé: ṣé ò ń lọ? Ìbéèrè náà di orúkọ. Títí di òní, bí ẹ bá pe oléyia ní Lomé, zẹ́míjàn ló máa dá yín lóhùn.

Àwọn tó sá lọ sí Bẹ̀nẹ̀ rí bí zẹ́míjàn ṣe ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọn kò gbàgbé. Lẹ́yìn náà, ní oṣù kìíní ọdún 1994, owó sẹ́fà já. Fráǹkì Faransé kan tó jẹ́ 50 sẹ́fà di 100 sẹ́fà ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Gbogbo ohun tó ń ti òkè òkun wá wọ́n. Ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ kò lè rà á mọ́. Ẹni tó ní ọkọ̀ kò rí owó fi tún un ṣe. Alùpùpù ló kù. Nígbà tó yá, èyí tó ń ti Ṣáínà wá dé, owó rẹ̀ kò pọ̀ bíi ti Jàpáàn. Àwọn ọmọ àgbẹ̀, àwọn tó ti kàwé tí wọn kò rí iṣẹ́, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, gbogbo wọn gùn ún.

Èyí ni ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí. Láti ìgbà Jámánì, ìjọba ló ń la ọ̀nà, tí ará ìlú ń rìn ín bí wọ́n ṣe là á. Ní ọdún 1992 àti 1993, ará ìlú ló dá ohun ìrìnnà sílẹ̀ fúnra wọn. Ṣùgbọ́n wọn kò lè dá ọ̀nà sílẹ̀. Ojú ọ̀nà tí wọ́n là fún ọkọ̀ náà ni wọ́n wọ̀, láìsí ìlà tó jẹ́ tiwọn.

Ẹ̀jẹ̀ lójú títì

Ẹ má bínú pé mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tó korò. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 2023 pé ní ọdún 2021, ìjàǹbá ojú ọ̀nà pa nǹkan bí 1,190,000 ènìyàn ní gbogbo ayé. Ó lé ní ìdajì wọn tó jẹ́ ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn, ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ tàbí ẹni tó gun alùpùpù. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ní irin tó bò ó. Ẹni tó wà lórí alùpùpù, ara rẹ̀ ni irin rẹ̀.

Ìwọ̀n eré ṣe pàtàkì púpọ̀. Bí ọkọ̀ tó ń sáré 30 kìlómítà ní wákàtí kan bá kọlu ènìyàn, púpọ̀ jù nínú wọn ló máa yè. Bí ó bá ju 50 lọ dáadáa, púpọ̀ ló máa kú. Ọkọ̀ kan náà ni, ènìyàn kan náà ni. Eré nìkan ló yàtọ̀. Eré náà kò sì tí ọwọ́ awakọ̀ nìkan wá. Títì tó fẹ̀, tó gún, tí kò ní ohun ìdíwọ́, òun fúnra rẹ̀ ń sọ fún awakọ̀ pé: sáré.

Nígbà tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, kí ni a ń sọ? A ń sọ pé zẹ́míjàn kò ní làákàyè. Òótọ́ ni pé àwọn kan wà tí wọn kò ní. Mo ti gun ẹ̀yìn ẹnì kan rí tó fi ọwọ́ kan dá fóònù lóhùn lórí afárá, mo ń ka àdúrà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá da ẹran, àgbàdo àti ọmọdé sínú àgbàlá kan ṣoṣo tó há, tí ẹran jẹ àgbàdo, ṣé ẹran nìkan ni ẹ ó bá wí?

Ó yẹ kí a tún rántí yanrìn tí a sọ lókè. Ó ṣì wà. Ní ẹ̀yìn títì ọlọ́dà ní Lomé, bíi ti Kutonu, ọ̀nà kéékèèké ló kún ibẹ̀, tí a ń pè ní vọ́n. Yanrìn ló pọ̀ nínú wọn. Ní ìgbà òjò, omi a dúró níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kò lè kọjá, zẹ́míjàn ń yọ̀. Nítorí náà, gbogbo wọn á jáde sí títì ńlá, wọ́n á lọ bá ọkọ̀ níbẹ̀. Bí vọ́n bá dára, púpọ̀ nínú wọn kò ní nílò títì ńlá náà rárá fún ìrìn kúkúrú. Ní tèmi, ẹni tó bá fẹ́ ran ẹlẹ́sẹ̀ méjì lọ́wọ́ ní Lomé, kó kọ́kọ́ wo vọ́n.

Ohun tí àwọn mìíràn ṣe

Ẹ lè rò pé ibi tí kẹ̀kẹ́ ti ní ọ̀nà tirẹ̀, Ọlọ́run ló fún wọn bẹ́ẹ̀. Rárá o. Ẹ gbọ́ ti ilẹ̀ Hólàńdì. Lónìí, kò sí ibi tí kẹ̀kẹ́ ti rọrùn bí ibẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogun ńlá kejì, ọkọ̀ ni àwọn náà ń la ọ̀nà fún. Ní ọdún 1971 nìkan, ìjàǹbá ojú ọ̀nà pa ènìyàn tó lé ní 3,000 níbẹ̀, ọmọdé sì lé ní 400 nínú wọn. Akọ̀ròyìn kan wà, Vic Langenhoff, tí ìjàǹbá ọkọ̀ pa ọmọ rẹ̀. Ní ọdún 1972, ó mú kálàmù rẹ̀, ó kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn. Àkọlé tó fún un ni pé kí wọ́n dáwọ́ ìpànìyàn ọmọdé dúró. Àwọn òbí kà á. Wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ àti ọmọ wọn jáde, wọ́n dí títì. Ní ọdún 1973, epo wọ́n ní gbogbo ayé, ìjọba Hólàńdì sì fi òfin dá ọkọ̀ dúró ní àwọn ọjọ́ Àìkú kan. Àwọn ènìyàn rí bí ìlú ṣe dákẹ́. Láti ìgbà náà ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún kẹ̀kẹ́ ní ọ̀nà tirẹ̀, díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Bí ẹ bá sọ pé ilẹ̀ olówó nìyẹn, ẹ wo Wagadugu, olú-ìlú Bùkínà Fasò. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì pọ̀ níbẹ̀ gan-an. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ńlá mélòó kan níbẹ̀, ọ̀nà wà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù, pẹ̀lú odi kékeré láàárín wọn àti ọkọ̀. Bùkínà Fasò kò lówó ju Togo lọ. Ṣùgbọ́n wàhálà kan yọ níbẹ̀: alùpùpù pọ̀ títí tó fi lé kẹ̀kẹ́ kúrò nínú ọ̀nà tí wọ́n jọ ni. Alágbára kékeré náà ń ni aláìlágbára lára. Lomé lè kọ́ ẹ̀kọ́ méjèèjì níbẹ̀.

Iye ilẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ń béèrè kò pọ̀ bí ẹ ṣe rò. Ìlà ọkọ̀ kan ń gba nǹkan bí mítà mẹ́ta tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ìlà kẹ̀kẹ́ kan, mítà méjì tó o. Ibi tí ọkọ̀ tó dúró láìṣe nǹkan kan gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láti àárọ̀ títí di alẹ́, ẹlẹ́sẹ̀ méjì lè máa gba ibẹ̀ kọjá ní gbogbo wákàtí.

Lomé òde òní

Ní ọdún 2008, wọ́n dá ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì SOTRAL sílẹ̀ fún ìlú náà. Ó ran ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì kì í wọ vọ́n. Ní ọdún 2018, Gozem bẹ̀rẹ̀ ní Lomé: a lè fi fóònù pe zẹ́míjàn, iye owó á sì hàn kí a tó gùn ún. Ní ọdún 2022, alùpùpù oníná dé Lomé àti Kutonu. Kì í mu epo. Bí iná inú bátìrì rẹ̀ bá tán, ẹni tó gùn ún á lọ sí ibùdó, á fi í sílẹ̀, á gba èyí tó kún. Èéfín rẹ̀ kò sí, ariwo rẹ̀ kò pọ̀. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n bó jẹ́ epo ló ń mu, bó jẹ́ iná, ibi tóóró kan náà ló ń gbà láàárín takisí àti gọ́tà.

Kẹ̀kẹ́ ológeere kò sì tíì kú. Ẹ wo àwọn tó ń ta FanMilk: àpótí wà níwájú kẹ̀kẹ́, fèrè wà lọ́wọ́, oòrùn wà lórí. Wọ́n ń lọ láti ilé ìwé dé ilé ìwé, láti ọjà dé ọjà. Ẹ wo àwọn ọ̀dọ́ tó ń ti ọmọlanke ní ọjà Asigamé. Kò sí ẹni tó ń kà wọ́n mọ́ ohun ìrìnnà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jókòó sílé ní ọjọ́ kan, ọjà á mọ̀.

Ohun kan yí padà ní ọdún 2019. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, àwọn ará Togo dìbò yan ìgbìmọ̀ tí yóò máa ṣàkóso ìlú wọn. Láti ọdún 1987, wọn kò tíì ṣe irú ìbò bẹ́ẹ̀. Wọ́n pín Lomé ńlá sí kọ̀múùnù 13: méje ní Golfe, mẹ́fà ní Agoè-Nyivé. Ènìyàn tó ń gbé inú wọn ti kọjá 2,000,000. Kọ̀múùnù kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ àti méérì tirẹ̀. Títì ńlá ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n vọ́n, gọ́tà, ọjà àti ibi tí zẹ́míjàn ń dúró sí, ọ̀rọ̀ wọn lè dé iwájú méérì.

Ẹ̀yin tó ń gbé ní Lomé, àti ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ ìlú yín jọ ti Lomé, iṣẹ́ kan wà tí ẹ lè fi ìwé kíkà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ yìí ṣe. Ẹ mú bébà kan àti kálàmù. Ẹ fa ìlà mẹ́rin sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ kọ ọkọ̀ sí orí ìkíní, alùpùpù sí orí ìkejì, kẹ̀kẹ́ àti ọmọlanke sí orí ìkẹta, àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ rìn sí orí ìkẹrin. Ẹ lọ jókòó ní ibi tí ọ̀nà ti kọjá ọ̀sà, láti agogo méje sí agogo mẹ́jọ àárọ̀. Bí ọ̀kan bá kọjá, ẹ fa igi kékeré kan sí abẹ́ orúkọ rẹ̀. Bí igi bá pé márùn-ún, ẹ so wọ́n pọ̀. Nígbà tí agogo bá lu mẹ́jọ, ẹ kà wọ́n, ẹ kọ iye wọn sí ìsàlẹ̀. Ẹ fi ẹsẹ̀ wọn fífẹ̀ títì náà, kí ẹ kọ iye ìṣísẹ̀ tó jẹ́ ti ọkọ̀ àti iye tó kù fún àwọn mẹ́ta yòókù. Ẹ kọ ọjọ́ àti orúkọ ibẹ̀ sí òkè. Ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ mú un lọ fún méérì.